Bàtà Montaigne àti fìlà àrán pupa

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Ọ̀wàrà

Ẹsẹ̀ ń ro mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Bàtà tí mo wọ̀ jáde kì í ṣe bàtà ìrìn, àbúrò mi sì ti kìlọ̀ fún mi láàárọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, òkúta ni wọ́n tẹ́ sí ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà ibẹ̀ o. Ẹ má wọ bàtà yẹn." Mo ní kó fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí iṣẹ́ kò sí fún mi ní Párìsì, ṣé kánfáàsì ni mo máa fi ya fọ́tò? Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, mo ti bú ara mi ṣáájú yín.

Quartier Latin la lọ, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní apá òsì odò Seine. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ la wọ̀, a sọ̀ ní Cluny–La Sorbonne. Mi ò tètè jáde níbẹ̀. Wọ́n ti ibùdókọ̀ náà pa ní 1939, wọn ò sì ṣí i títí di 1988. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i, oníṣẹ́ ọnà Jean Bazaine fi òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ya ẹyẹ sí àjà rẹ̀, ìbuwọ́lùwé àwọn òǹkọ̀wé àti onímọ̀ tí ìtàn àdúgbò náà kò lè gbàgbé sì wà káàkiri òkè, lẹ́tà gbẹ̀ǹgbẹ̀ gbẹ̀ǹgbẹ̀, bí ẹni pé gbogbo wọn jọ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan. Mo dá ọrùn sẹ́yìn, mo ń kà wọ́n, àwọn tó ń kánjú ń gbá mi léjìká kọjá.

Ibi tí àbúrò mi kọ́kọ́ fà mí lọ nígbà tá a gòkè ni ọgbà kékeré kan ní rue des Écoles, tó kọjú sí Sorbonne, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àtijọ́ náà, gan-an. Ère Montaigne, òǹkọ̀wé Faransé ayé àtijọ́, wà níbẹ̀ lórí ìjókòó, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, ojú rẹ̀ dà bí ojú àgbàlagbà tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan tí kò tíì gbà gbọ́. Gbogbo ara ère náà ti ṣú bí ìdí ìkòkò, àfi bàtà ọ̀tún rẹ̀ nìkan tó ń dán bí idẹ Ọ̀ṣun. Ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n á lọ fọwọ́ pa bàtà náà, wọ́n á ní "Salut, Montaigne," wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Ojú mi ni ọmọbìnrin kan ṣe dé, tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, kò tilẹ̀ dúró, ó kàn fọwọ́ kàn án bí ẹni tó ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀.

Mo bi àbúrò mi bóyá òun náà máa ń ṣe é. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Gbogbo ìdánwò, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ tí o gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìdánwò tó kọjá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ààwẹ̀ ò ní kí wọ́n má fi nǹkan tì í lẹ́yìn."

Ó wá ń wá àwíjàre. Ó ní ẹni tó gbẹ́ ère yìí, Paul Landowski, òun náà ló gbẹ́ ère Jésù tó na ọwọ́ méjèèjì lórí òkè ní Rio de Janeiro. Òótọ́ ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò ṣáà mọ bí ìyẹn ṣe pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ rẹ́.

Sorbonne fúnra rẹ̀, ìta la ti wò ó. Ẹni tí kò bá ní káàdì tàbí tí kò gba àyè sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń mú àlejò yípo kò lè wọlé. Káàdì àbúrò mi, ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ló ni ín, èmi náà ò sì gba àyè kankan sílẹ̀, mo rò pé màá kàn rìn wọlé ni. Robert de Sorbon, àlùfáà kan láàfin ọba Louis kẹsàn-án, ló dá a sílẹ̀ ní 1257 fún àwọn ọmọ tálákà tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ nípa Ọlọ́run. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí kò lọ́jọ́ lórí tó bẹ́ẹ̀, ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n kọ́ ọ, àfi ṣọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ níbi tí wọ́n sin Kádínà Richelieu sí.

Orúkọ àdúgbò yẹn, Àdúgbò Látìnì, ló gbé mi lọ́kàn lọ. Látìnì ni olùkọ́ fi ń kọ́ni níbẹ̀, òun náà ni ọmọ Ítálì, ọmọ Jámánì àti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, torí pé èdè tí ìyá oníkálukú fi bí i kò wúlò nínú kíláàsì. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì náà, mo bọ́ bàtà, mo sì rántí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ. Ìwé kan wà lọ́wọ́ ọ̀gá kíláàsì wa, ìwé àjákọ tí wọ́n gé èèpo rẹ̀ kúrò, orúkọ ẹni tó bá sọ vernacular ló ń lọ sínú rẹ̀. Vernacular ni Yorùbá. Owó ìtanràn la máa ń san, bí kò bá sí owó, ẹgba. Owó àkàrà mi ló máa ń bá a lọ, torí mi ò lè bínú ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n lè fi ọ̀pá gún mi nídìí, "Yéè!" ni màá ké, "Yéè" sì ti di vernacular nìyẹn.

Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi. Ó ní tiwọn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, páálí ni wọ́n ń gbé kọ́ wọn lọ́rùn.

Ìdí tí mo fi fẹ́ dé ibẹ̀ gan-an rèé. Nínú Sorbonne yìí, nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ń pè ní Descartes, láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 22 oṣù Owewe ọdún 1956, àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà adúláwọ̀ ṣe ìpàdé àgbáyé wọn àkọ́kọ́. Alioune Diop, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà tó dá ìwé ìròyìn Présence Africaine sílẹ̀ ní 1947, ló pè wọ́n jọ. Picasso ló ya pátákó ìkéde rẹ̀. Senghor wà níbẹ̀, Césaire wà níbẹ̀, Fanon, Richard Wright. Ben Enwonwu tiwa, agbẹ́gilére, náà wà níbẹ̀. Du Bois, onímọ̀ adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, kò lè wá, ìjọba Amẹ́ríkà kò fún un ní páásípọ́ọ̀tù, iṣẹ́ ló rán, wọ́n sì kà á.

Àmọ́ ẹni tó jẹ mí lógún ni E. L. Lasebikan. Ọmọ Yorùbá yìí dìde láàárín wọn, ó sì sọ̀rọ̀ nípa bí ohùn ṣe ń di ewì nínú èdè wa: ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín. Ní àárín gbùngbùn àdúgbò Látìnì! James Baldwin, òǹkọ̀wé adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, wá síbẹ̀ láti ròyìn, ó sì kọ nípa aṣọ tí bàbá wọ̀ sílẹ̀. Ó ní nǹkan kan bíi léèsì funfun bò ó láti òkè délẹ̀, sílíìkì oníṣẹ́ ọnà wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì dé fìlà àrán pupa, tí ẹnì kan ṣàlàyé fún un pé àmì pé Mùsùlùmí ni bàbá náà ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka ibẹ̀ yẹn, ẹ̀rín pa mí. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Ẹ wá síbi ìgbéyàwó ní Ìbàdàn kí ẹ wá ka iye alàgbà ìjọ tó dé fìlà àrán. Ọkùnrin yìí kàn múra ni! Ó mọ ibi tó ń lọ, ó wọṣọ ibẹ̀.

Mo dúró lẹ́bàá ògiri náà, mo ní kí àbúrò mi gbọ́: igbá, igba, igbà, ìgbà. Ó pè é tẹ̀ lé mi, ó tọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣì í lẹ́ẹ̀kẹrin. Mo ní kó má fi ẹnu pè é, kó fi imú kùn ún bí ìgbà tí onílù ń fi gángan sọ ọ́. Àwọn tó ń kọjá ń wò wá. Ẹ̀ẹ̀kejì tó kùn ún, ó gbà á.

Ilé ìtàwé Présence Africaine ṣì wà ní rue des Écoles kan náà, nọ́ńbà 25 bis. Ó kéré sí bí mo ṣe fọkàn yà á. Faransé mi ò ju ti ẹni tó lè ra búrẹ́dì lọ, nítorí náà àbúrò mi ló ń ka ẹ̀yìn ìwé fún mi, èmi ń fọwọ́ pa páálí wọn bí ẹni tó ń yan aṣọ. Ìwé ewì Césaire kan ṣoṣo la rà. Òun àti Senghor, ilé-ìwé Louis-le-Grand tó wà lẹ́yìn Sorbonne níbẹ̀ ni wọ́n ti pàdé ní 1931, ọmọ Martinique àti ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà.

Òkè ni Panthéon wà, ilé tí Faransé ti ń bọlá fún àwọn òkú ńlá rẹ̀, ibẹ̀ ni bàtà mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ̀san. Ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ni pé ilẹ̀ baba ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin ńlá. Ọkùnrin náà ni lóòótọ́, torí títí di 1995 tí wọ́n gbé Marie Curie wọlé, kò sí obìnrin kankan tí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ gbé débẹ̀. Félix Éboué, gómìnà adúláwọ̀, ti wà níbẹ̀ láti 1949, Josephine Baker, akọrin adúláwọ̀, dé ní 2021. A ò wọlé, ebi ń pa wá.

Rue Gay-Lussac la gbà lẹ́yìn ìyẹn, ibẹ̀ dán, ó rọ̀ mí lẹ́sẹ̀. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 1968 ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn: ní alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Ẹ̀bìbì, wọ́n hú òkúta ojú ọ̀nà níbẹ̀, wọ́n fi dí títì, wọ́n ń sọ ọ́ lu ọlọ́pàá. Nígbà tí ilẹ̀ pa rọ́rọ́, ìjọba da ọ̀dà bo ojú ọ̀nà àdúgbò náà. Aluta tí mo mọ̀ ní yunifásítì, táyà là ń sun, kò sẹ́ni tó bá wa tún ọ̀nà ṣe.

Ní rue Mouffetard, adìyẹ ń yí lórí iná níta, ọ̀rá rẹ̀ ń kán sórí ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ànàmọ́ yẹn ni mo jẹ, mi ò bìkítà fún adìyẹ. Kọfí, òòró la dúró mu ún lẹ́bàá káńtà, torí ẹni tó bá jókòó ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi yìí!

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tá a padà kọjá níwájú Montaigne. Mo rántí nǹkan kan tí mo ti kà nípa rẹ̀: Látìnì ni bàbá rẹ̀ fi tọ́ ọ. Olùkọ́ ọmọ Jámánì tí kò gbọ́ Faransé ni wọ́n gbà fún un, ìyá, bàbá àti àwọn ìránṣẹ́ ilé kò sì gbọdọ̀ bá ọmọ náà sọ ohun tó ju Látìnì tí wọ́n lè pè lọ. Nígbà tó dàgbà tó fẹ́ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, Faransé ló fi kọ ọ́.

Mo na ọwọ́ sí bàtà rẹ̀. Ó tutù, ó ń yọ̀ bí òkúta odò.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, bàbá," ni mo wí.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Salut la máa ń kí i."

Mo ní kó fi imú kùn ún.