Owó inú èlùbọ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìkéré-Èkìtì.

Mo lè kọ ọ̀rọ̀ yìí láìbẹ̀rù nítorí nǹkan náà ti kúrò níbi tó wà. Màmá Àgbà fúnra rẹ̀ ló sì ní kí n kọ ọ́, bóyá á ṣe ìyá ẹlòmíràn láǹfààní.

Wọn kì í jẹ àmàlà nílé Màmá Àgbà. Iyán ni tiwọn, pàápàá bí iṣu tuntun bá ti jáde. Síbẹ̀, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ike èlùbọ́ kan ti wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná rẹ̀, a ò sì béèrè rí pé ta ló fẹ́ jẹ ẹ́. Àfi lónìí tí ìyàwó àbúrò mi, ọmọ Ìbàdàn, ní òun fẹ́ ro àmàlà fún ọkọ òun. Ó ki ọwọ́ bọ ike, ọwọ́ rẹ̀ kan ọ̀rá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ tọ́jú sínú èlùbọ́ yìí?"

"Ìyàwó, bá mi dé e."

Kò pariwo, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti yí padà, gbogbo wa la gbọ́ ọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní kí n gbé ike náà wá bá òun ní yàrá. Ọ̀rá mẹ́ta ni, ọ̀kan wọ inú èkejì, rọ́bà tí wọ́n gé lára tiúbù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi so ẹnu wọn. Owó wà níbẹ̀, yẹtí wúrà tí Bàbá Àgbà rà fún un wà níbẹ̀, iyùn ọrùn rẹ̀ àti rìsíìtì ilẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Èlùbọ́ ti wọ ojú ihò iyùn níbi tí okùn gbà kọjá. Rìsíìtì ti gba ọ̀rinrin débi pé ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ ti fẹ́ ya, ẹ̀yìn èékánná ni mo fi rọra ṣí i.

Mo gbóríyìn fún un nínú mi. Wọ́n ń ta irú ibi ìfowópamọ́ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí: ìwé tí inú rẹ̀ ṣófo, agolo tí ìdí rẹ̀ ń ṣí, aago ògiri tó ní àpótí lẹ́yìn, sọ́kẹ́ẹ̀tì iná tí kò so mọ́ wáyà kankan. Ti Màmá Àgbà dára jù wọ́n lọ lójú tèmi. Agolo òyìnbó tí wọ́n fi ń fá irùngbọ̀n, tó bá dúró sórí pẹpẹ ìyá arúgbó, á pe olè síra rẹ̀. Ike èlùbọ́ ò lè ya olè lẹ́nu nílé Yorùbá èyíkéyìí, àwọn ará ilé fúnra wọn ò sì ní ṣí i torí wọn ò jẹ ẹ́. Olè kì í fẹ́ pẹ́. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú pílò àti àárín aṣọ ló máa ń kọ́kọ́ tú. Ẹni tó bá sì fi owó sínú rédíò tàbí sídìí ẹ̀rọ ìdáná ti bá olè dì í lẹ́rù, torí àwọn nǹkan wọ̀nyẹn gan-an ni wọ́n ń gbé lọ.

Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà sọ ohun kan tó wọ̀ mí lára. Ó ní olè kọ́ ni òun ń sá fún jù, ẹ̀bẹ̀ ni. Bí ọmọ bá mọ̀ pé owó wà, ìṣòro á dé, ọmọ náà á sì wá, òun ò sì ní lè ní kó máa lọ lọ́wọ́ òfo. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo mọ àwọn tó ń wá.

Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni iye ìgbà tí òun nìkan ti gbé ẹrù náà. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ kéde lóṣù Kẹwàá ọdún 2022 pé àwọn fẹ́ pààrọ̀ igba náírà, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti ẹgbẹ̀rún, gbèdéke tí wọ́n kọ́kọ́ fún wa ni 31 oṣù Kìíní ọdún 2023, kí wọ́n tó sún un sí 10 oṣù Kejì. Àwa ń sáré kiri báńkì, a ń to ìlà, Màmá Àgbà jókòó nílé tòun ti ike rẹ̀, kò lè ní kí ẹnikẹ́ni bá òun pààrọ̀ owó tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé òun ní. Ó ní ọ̀rọ̀ ọdún 1984 ló ń pa dà wá sí òun lọ́kàn, nígbà tí ìjọba ológun yí àwọ̀ owó padà. Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ ló kó o yọ ní 3 oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ní kí owó àtijọ́ ṣì máa ná.

Bí ọlọ́jọ́ bá sì dé ńkọ́? Mi ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ fún un. Èlùbọ́ tó ti ní kòkòrò, ààtàn la máa dà á sí. Bí a ò bá dà á nù, a lè fi ike fún àwọn oníkóńdẹ́mù. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò purọ́."

Ó ń bẹ̀rù báńkì, kì í sì í ṣe lásán. Owó rẹ̀ há sí báńkì kan tó kógbá sílé láwọn ọdún 1990. Mo ṣàlàyé fún un pé láti ọdún 2024, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí àwọn èèyàn fi sí báńkì, ti gbé owó tí wọ́n ń san fún oníbàárà bí báńkì bá kú láti 500,000 náírà sí mílíọ̀nù márùn-ún. Tirẹ̀ ò tó ìyẹn rárá. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ.

Ìyàwó fẹ́ fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ iyùn náà, mo tètè dá a dúró, torí omi kíkan ń jẹ iyùn. Aṣọ rírọ̀ ló fi nù ún. Ìyẹn àti yẹtí ṣì máa wà nílé, a ti wá ibòmíràn fún wọn, jìnnà sí iná àti ọ̀rinrin. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ni Màmá Àgbà sọ fún. Mo ti ya fọ́tò rìsíìtì ilẹ̀.

Ọjọ́ Ajé la ń kó owó lọ sí báńkì ní Adó. Ẹ̀gbọ́n mi máa bá wa lọ, orúkọ rẹ̀ ni Màmá Àgbà fẹ́ kí wọ́n kọ síbi tí wọ́n ti ń béèrè ẹbí tó sún mọ́ni jù.