Màmá mi níwájú ààfin

Lánàá, mo mú màmá mi lọ sí Magic Kingdom ní Florida. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yàwòrán ilé fún irú ọgbà ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọn ò dé ọ̀kankan rí. Nígbà tá a dé iwájú ààfin àárín ọgbà, wọ́n gbójú sókè: “Háà! Bíríkì mélòó ni wọ́n kó sí èyí?”

Bíríkìlà ni bàbá mi kí wọ́n tó kú.

Mo ní, “Màmá, kò sí bíríkì kankan níbẹ̀ o.” Irin àti kọnkéré ni egungun rẹ̀, ohun tó dà bí òkúta lókè yẹn, fáíbà ni. Ẹsẹ̀ bàtà 189 ló ga, ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ sókè ni òkúta àti fèrèsé rẹ̀ ń kéré sí i, kó lè ga lójú ẹni ju bó ṣe ga lọ. Àwọn tó yà á kí ọgbà náà tó ṣí lóṣù kẹwàá ọdún 1971, ọ̀gá mi ni wọ́n, bí n ò tilẹ̀ rí wọn rí.

Màmá kan ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tẹ́tí sí i. “Bàbá ẹ ì bá dúró síbí títí ilẹ̀ á fi ṣú.”

Mi ò lè fọhùn. Mo di ọwọ́ wọn mú, a sì dúró títí iná fi tàn.