Kí Ẹ Tó Fọ́máàtì Kọ̀ǹpútà Tí Windows 11 Kọ̀ Láti Wọ̀ Sí

Bí ẹnì kan bá ń gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ kúrò lórí Windows 10 lọ sórí Windows 11, tí iṣẹ́ náà sì dá dúró lágbedeméjì, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni pé kí ó jẹ́ kí àwọn fọ́máàtì rẹ̀. Mo ti rí àwọn tí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, tí àwòrán, ìwé iṣẹ́ àti àkọsílẹ̀ ọdún púpọ̀ sì bá a lọ, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe àwọn fáìlì náà títí wọ́n fi nù wọ́n kúrò. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, tí mo sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pè mí, ni pé kọ̀ǹpútà tí ìgbéga rẹ̀ kùnà kì í sábà jẹ́ kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́. Fáìlì ni kí a kọ́kọ́ kó jáde, lẹ́yìn náà kí a fara balẹ̀ ka ohun tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ sọ pé ó dí òun lọ́wọ́, kí a tó ronú kan ohunkóhun mìíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá pọ̀ láàárín wa láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, nígbà tí Microsoft dáwọ́ ìtìlẹ́yìn dúró fún Windows 10. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ni Windows 11 ti jáde, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà á sí títí ọjọ́ náà fi dé, gbogbo wọn sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í kánjú. Tòkunbọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà àgbélétan tí a ń lò. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ohun èlò ààbò tó ń pa kọ́kọ́rọ́ àṣírí mọ́ nínú ẹ̀rọ), Secure Boot (ètò tí kì í jẹ́ kí ohun tí a kò fọwọ́ sí tàn pẹ̀lú ẹ̀rọ), RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé) tí kò dín ní 4 GB, dísìkì tí kò dín ní 64 GB, àti processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí kò gbó jù. Ní ti Intel, ìran kẹjọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí ti bẹ̀rẹ̀. HP EliteBook 840 G3 tó kún inú ọjà, tí processor rẹ̀ jẹ́ ìran kẹfà, kò sí lára wọn, G5 oníran kẹjọ sì wà lára wọn. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ PC Health Check, òun ni yóò sọ fún yín bóyá ẹ̀rọ yín kájú ìwọ̀n. Ẹni tí kò bá yẹ èyí wò kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ìbàdàn, kájú ìwọ̀n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lálẹ́, àwọn oníná sì mú iná lọ lóru. Nígbà tí wọ́n jí, ohun tí wọ́n bá lójú ẹ̀rọ ni àmì Windows pẹ̀lú àwọn ẹ̀kán funfun kéékèèké tó ń yí po lábẹ́ rẹ̀, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n gbé e lọ bá ní àdúgbò sọ pé iná tó lọ ti ba Windows jẹ́, àti pé fọ́máàtì nìkan ló kù. Máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún sáà náà wà nínú ẹ̀rọ yẹn, fọ́tò ìsìnkú ìyá wa náà wà níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀dà wọn níbòmíràn. Mo sọ fún wọn lórí fóònù pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé e wálé, ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ títí n ó fi dé.”

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kì í ṣe nítorí pé mi ò mọ ohun tó kàn. Kí Windows tuntun tó wọlé, ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ ṣí ti àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nínú fódà tó ń jẹ́ Windows.old, kí ó lè rí ibi padà sí bí tuntun bá kọ̀. Bí tuntun bá kọ̀ lóòótọ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dá ti àtijọ́ padà sí àyè rẹ̀, iṣẹ́ yìí sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, pàápàá bí dísìkì náà bá jẹ́ irú tó ń yí, tí kì í ṣe SSD. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì iná ní àkókò yìí ló ń sọ ìkùnà lásán di ìbàjẹ́. Ẹ wo iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, èyí tó máa ń ṣẹ́jú nígbà tí dísìkì bá ń ṣiṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn, kódà bí ohun tó wà lójú ẹ̀rọ kò bá yí padà.

Nígbà tí mo dé Ìbàdàn, iná kékeré náà ti kú pátápátá, àwọn ẹ̀kán funfun ṣì ń yí. Ìgbà yẹn ni mo tó tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ fi kú. Mo yọ gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ yàtọ̀ sí ṣájà: máòsì, okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti módẹ́ẹ̀mù íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń ki bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi módẹ́ẹ̀mù yìí sọ́kàn.

Ọ̀nà méjì ló wà láti dé ibi àtúnṣe. Bí ẹ̀rọ bá kùnà láti tàn lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn, Windows fúnra rẹ̀ yóò gbé ojú búlúù kan jáde fún àtúnṣe. Èmi kò fẹ́ràn ọ̀nà yìí nígbà tí ìgbéga bá wà láàárín, nítorí pé ó ní láti pa ẹ̀rọ léraléra. Fúláàṣì ni mo máa ń lò. Ẹ wá fúláàṣì tí kò dín ní 8 GB, tí ẹ kò nílò ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́, kí ẹ fi kọ̀ǹpútà mìíràn gbé Windows 11 sórí rẹ̀ láti ojúlé Microsoft. Ẹ ki í bọ ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn, kí ẹ tàn án, kí ẹ sì máa tẹ F9 bí ó bá jẹ́ HP, tàbí F12 bí ó bá jẹ́ Dell tàbí Lenovo, kí ẹ lè yan fúláàṣì náà. Nígbà tí ojú ìwé ìgbéwọlé bá jáde, ẹ má tẹ Install. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Repair your computer tàbí Repair my PC sí, ẹ kọjá sí Troubleshoot, kí ẹ sì yan Command Prompt.

Ibí yìí ni ẹ̀rù ti máa ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí pé kọ̀ǹpútà lè béèrè kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ètò Windows tó ń ti dísìkì pa kí ẹlòmíràn má baà rí inú rẹ̀. Nọ́ńbà 48 ni kọ́kọ́rọ́ yìí, ní ìpín mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́fà. Bí ẹ bá fi àkántì Microsoft wọ kọ̀ǹpútà yín láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó ti wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ fi fóònù lọ sí aka.ms/myrecoverykey, ẹ wọ àkántì náà, kí ẹ sì fi àmì ìdánimọ̀ tó wà lójú ẹ̀rọ wé èyí tó wà lórí fóònù kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò bá rí kọ́kọ́rọ́ yìí kò lè dé ibi tí fáìlì wà, kò sì sí ẹnjiníà tó lè bá a ṣí i. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé lónìí, nígbà tí ara ẹ̀rọ wọn ṣì le.

Nínú fèrèsé dúdú tó bá jáde, ẹ tẹ notepad, kí ẹ sì tẹ Enter. Notepad tí a fi ń kọ̀wé lásán ni yóò ṣí. Ẹ lọ sí File, ẹ yan Open, kí ẹ sì yí Text Documents tó wà nísàlẹ̀ padà sí All Files. Fèrèsé kékeré yìí ti di ojú ọ̀nà sínú gbogbo dísìkì nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí dísìkì C bá ń jẹ́ D níbí, lẹ́tà lè yí padà; fódà Users ni kí ẹ máa wá, kí ẹ ṣí orúkọ yín nínú rẹ̀, ẹ ó sì rí Desktop, Documents àti Pictures bí ẹ ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀tún máòsì lórí fódà kan, ẹ yan Copy, ẹ lọ sórí fúláàṣì tàbí dísìkì ìta mìíràn, kí ẹ yan Paste. Kò ní sí ohun tí yóò máa fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ hàn, fèrèsé náà sì lè dúró gbagidi bí ẹni pé ó ti kú. Ẹ fi í sílẹ̀, ó ń kó wọn ni. Nígbà tí fódà máàkì jáde, tí fọ́tò ìyá wa sì tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n mi jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti wọlé.

Lẹ́yìn tí a kó fáìlì tán ni mo tó yọ fúláàṣì, tí mo sì tan ẹ̀rọ náà bí a ṣe máa ń tàn án. Láìsí módẹ́ẹ̀mù lára rẹ̀, ó kọjá ibi tó há sí, ó kọ ọ́ pé òun ń dá àwọn ìyípadà padà, ó sì pẹ́ gan-an kí Windows 10 tó jáde wẹ́rẹ́. Ó wá gbé ìwé kékeré kan jáde pé Windows 11 kò lè wọlé, nọ́ńbà tó sì wà lábẹ́ rẹ̀ ni 0xC1900101 - 0x30018. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ti irú ìwé yìí pa láìkà á, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹ̀rí tó dára jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ẹ yà á ní fọ́tò.

Apá kìn-ínní nọ́ńbà yẹn máa ń tọ́ka sí driver, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows lè bá ohun èlò kan ṣiṣẹ́. Nínú apá kejì, 3 tó tẹ̀lé x ń sọ pé ìgbà tí Windows tuntun kọ́kọ́ ń tàn ni nǹkan dé, 0x30018 lápapọ̀ sì túmọ̀ sí pé driver kan kò dáhùn mọ́ lákòókò ìgbéwọlé. Kò sí ọ̀rọ̀ iná ọba níbẹ̀. Bí a bá sì rò ó dáadáa, kọ̀ǹpútà àgbélétan ni, bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára, iná tó lọ kò pa á. Gbogbo ènìyàn ló ti gbà pé iná ni, nítorí pé iná ni a mọ̀ tó máa ń ba ẹrù wa jẹ́, bẹ́ẹ̀ módẹ́ẹ̀mù àtijọ́ pẹ̀lú sọ́fútíwíà tó bá a wá ni ìdí rẹ̀. Ká ní wọ́n ti fọ́máàtì rẹ̀, Windows ì bá wọlé lóòótọ́, fáìlì ì bá sì ti lọ.

Nọ́ńbà mìíràn wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. 0x80070070 ń sọ pé àyè kò tó lórí dísìkì. 0xC1900208 ń sọ pé ètò kan wà nínú ẹ̀rọ tí kò bá Windows tuntun mu, àwọn áńtífáírọ́ọ̀sì àtijọ́ sì wọ́pọ̀ nínú èyí. Bí ìwé náà bá ti kọjá lọ, ẹ wo inú fódà $WINDOWS.~BT, ní Sources, nínú Panther tàbí Rollback, ẹ ó rí setuperr.log níbẹ̀, ìyẹn ìwé tí ẹ̀rọ kọ àwọn àṣìṣe tó bá pàdé sí.

Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò padà fúnra rẹ̀, Startup Repair, tó ń tún bí ẹ̀rọ ṣe ń tàn ṣe, ni mo máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú ní Troubleshoot, lẹ́yìn náà Uninstall Updates, níbi tí a ti lè yan láti yọ ìgbéga tó kẹ́yìn, lẹ́yìn náà Safe Mode, níbi tí Windows ti ń tàn pẹ̀lú ìwọ̀nba ohun tó nílò nìkan. Àṣẹ bíi bootrec tí àwọn ènìyàn ń dà kọ láti íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun tí mo máa ń sáré sí, nítorí pé ibi tí ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ni ó ń fọwọ́ kàn, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ sì jẹ́ ti kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ ju èyí tí a ń lò lọ. Bí gbogbo èyí bá kùnà, tí fáìlì sì ti wà níta, ẹ lè wá fọ́máàtì rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn balẹ̀.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, a yọ sọ́fútíwíà módẹ́ẹ̀mù náà kúrò, a yọ áńtífáírọ́ọ̀sì tí wọn kò sanwó rẹ̀ mọ́, a fi hotspot fóònù rọ́pò módẹ́ẹ̀mù, a sì tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án tí a wà nítòsí rẹ̀. Ó wọlé. Windows máa ń tọ́jú ti àtijọ́ fún ọjọ́ 10 péré kí ó tó pa á rẹ́, nítorí náà mo ní kí wọ́n lo gbogbo ohun tí wọ́n máa ń lò láàárín àkókò náà: kí wọ́n tẹ ìwé jáde, kí wọ́n fi projector ilé ẹ̀kọ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n ṣí ìwé máàkì, kí wọ́n gbọ́ ohùn nínú fídíò. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ni kò dáhùn. A wá driver tuntun fún un lójúlé àwọn tó ṣe é, ó sì tẹ ìwé àbájáde àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde kí sáà tó parí.