Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọdún mi gbà lọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Bẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ni mo ṣe láti oṣù Kẹjọ títí dé oṣù Kẹwàá ọdún 2025 yìí, mi ò ní rí nǹkan gidi kan sọ. Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, mo dáná, mo sanwó iná. Ohun tí ọdún yìí fi sílẹ̀ lọ́kàn mi ni ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́, àti àárọ̀ ọjọ́ Sunday kan nínú oṣù Kọkànlá tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi sá a tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ìgbà tí ọyẹ́ ọdún tó kọjá ń mú ni Àbúrò lọ. Ẹ bá wa dárò, ẹ gbé oúnjẹ wá fún Màámi, àwọn kan nínú yín tí mi ò tíì fojú rí rí tún wọkọ̀ wá síbi fìdáù. Mi ò tíì dúpẹ́ tó. Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ ni mo sọ fún wọn nílé pé mo fẹ́ sá marathon Èkó ti oṣù Kejì ọdún 2026, kí n fi kówó jọ fún àwọn ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, àwọn tó ń gba ìtọ́jú níbi tí Àbúrò náà ti gba tiẹ̀. Màámi wò mí títí. Wọ́n ní, "Ta ni yóò bá ọ sá a?"

Kóòṣì ló bá mi sá a. Ẹ ti mọ̀ wọ́n, tíṣà eré ìdárayá wa àtijọ́, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, tí wọ́n ti fẹ̀yìntì. Wọn ò jẹ́ kí n sáré ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rárá. Wọ́n ní kí n máa rìn kíákíá yí pápá Dipo Dina ká, kí n máa sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń rìn. Bí èémí ò bá jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀, eré náà ti pọ̀ jù nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í sáré díẹ̀, rìn díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ là ń lọ jìnnà, a ó sì fi díẹ̀ kún ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Tó bá ṣe, wọn á ní ká dín in kù kí eegun àti iṣan lè sinmi. Mo rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń fi orúnkún ṣeṣe nídìí eré yìí, ọ̀sẹ̀ ìsinmi yẹn ni wọn ò gbà.

Ṣùgbọ́n Kóòṣì ò gbà kí n bẹ̀rẹ̀ títí dókítà fi gbọ́ sí i, torí pé AS ni genotype mi, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ tí mo jogún. AS ni bàbá wa, AS ni Màámi. Bí tọkọtaya bá rí báyìí, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ọmọ náà lè fi jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ìdá kan AA, ìdá méjì tó kù AS. Oyún kọ̀ọ̀kan ni mo wí. Mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà pé bí ọmọ kan bá ti gbé e, àwọn tó kù ti bọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó jẹ́ AS kì í ṣe aláìsàn, ó sì lè sáré, ṣùgbọ́n bí ó bá fi agbára jù sáré nínú oòrùn láìmu omi, iṣan ara rẹ̀ lè bàjẹ́ débi pé yóò di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Dókítà ní kí n máa lọ díẹ̀díẹ̀, kí n má fomi ṣeré, kí n sì dúró lójú ẹsẹ̀ tí iṣan bá fà mí lọ́nà tí kò yé mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sáré kankan lójú ààwẹ̀ nínú oṣù Kẹta. Lẹ́yìn ìṣínu, tí omi ti délẹ̀ nínú mi, ni mo máa ń bọ́ síta, tí Kóòṣì á gbé tọ́ọ̀ṣì lé mi lẹ́yìn láti Ìtòrò.

Oṣù Kẹrin, inú Kóòṣì dùn débi pé wọn ò rántí aago ọwọ́ wọn: Remo Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wọn, gba ife líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì ní kí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní pápá wá kí ọmọ Rẹ́mọ kú oríire. A kí wọn, tọkàntọkàn.

Ojúde Ọba bọ́ sí June 8. Ẹ̀yin regbẹ́regbẹ́ mi, mi ò lè gbàgbé yín láéláé. Mo kàn ní kí n dárúkọ eré náà níbi ìpàdé aṣọ ni, kí n tó jókòó, ìyálóde ẹgbẹ́ ti ní ká yọ owó gèlè kejì kúrò, ká fi ra kìlómítà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. ₦20,000 ni kìlómítà kan, ẹni tó bá rà á ni yóò sọ orúkọ ẹni tí n ó sá a fún. Ọ̀kan-ò-jọ̀kan orúkọ ló wọlé: ọmọ tó ń gbàtọ́jú lọ́wọ́, ọkọ tó ti lọ, ọ̀rẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ìyá oníṣu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa san tiwọn ní ìdá mẹ́rin, ọjà kan sí òmíràn. Orúkọ ọmọ wọn méjì ni wọ́n dá. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, mi ò mọ̀ pé wọ́n bí àwọn ọmọ yẹn rí.

Nígbà tá a wà lójúde lọ́jọ́ náà, tí àwọn ìdílé Balógun ń gẹṣin kọjá, a ò mọ̀ pé èyí tó kẹ́yìn nígbà ayé Kábíyèsí nìyẹn. July 13, ọjọ́ Sunday, èmi àti Kóòṣì sáré dé Odògbolú, a sáré padà. Ìrọ̀lẹ́ la gbọ́ pé Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà ti wàjà, lẹ́ni ọdún 91. Láti 1960 ni wọ́n ti wà lórí ìtẹ́. Màámi ní ọmọdé làwọn nígbà tí wọ́n gbé adé. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi náà ò sì jáde lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Inú oṣù kan náà ni ọdún ìbílẹ̀ Agẹmọ máa ń bọ́ sí. Obìnrin kì í pàdé àwọn Agẹmọ lọ́nà, nítorí náà inú ọgbà ilé ìwé ni mo ti ń sáré yípo láwọn ọjọ́ yẹn. Òjò sì ń rọ̀. Obìnrin kan tó ń dúró de ọkọ̀ lábẹ́ òrùlé rí mi nínú ọ̀kan nínú òjò oṣù yẹn, ó pariwo pé, "Ọmọ Arójòjoyè!" Oríkì ìlú wa ni, mo ti gbọ́ ọ títí, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn gbé mi délé.

Ó kan ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ báyìí.

Nǹkan bí 30 kìlómítà ni. Lẹ́yìn àdúrà Súbúhì, mo gbéra ní Gáréèjì Ẹ̀pẹ́, Kóòṣì wà lórí ọ̀kadà pẹ̀lú omi, dàbínù àti omi oníyọ̀ onísúgà. Apá òsì ni mo gbà kí n lè máa rí ojú tírélà. Kí a tó kọjá tógéètì ilẹ̀ ti mọ́, ara mi sì yá gan-an. Kóòṣì ń sọ̀tàn Yàrà Èrèdò fún mi láti orí ọ̀kadà, pé àwọn tó wà ṣáájú wa gbẹ́ yàrà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, nǹkan bí 160 kìlómítà, láìní kátápílà. Wọ́n ní ẹni tó bá ti ara wọn wá kò gbọdọ̀ bẹ̀rù 30. Bọ́ọ̀sì kan dúró fún wa, dẹ́rẹ́bà ní ṣé ọkọ̀ wa ló bàjẹ́, kí a wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí Kóòṣì ṣàlàyé, àwọn èrò inú ọkọ̀ na owó jáde lójú fèrèsé. Owó yẹn wà nínú àpò owó àwọn ọmọ náà.

Ó ku díẹ̀ kí n pé kìlómítà 25 ni iṣan ẹsẹ̀ ọ̀tún mi fà. Kóòṣì ní kí n jókòó. Mo jókòó sórí koríko, mo na ẹsẹ̀, mo mu omi, ìrora náà sì lọ. Ó lọ pátápátá. Ibi tí mo jókòó sí yẹn ni ọ̀rọ̀ tí mo ti ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti yé mi.

Àwọn èèyàn ń sọ fún mi pé mò ń jìyà nítorí Àbúrò. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, mi ò sì bínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrora tèmi, èmi ni mo pè é, bí mo bá sì jókòó, ó máa lọ. Ti Àbúrò kì í lọ tó bá jókòó. Nínú ẹ̀jẹ̀ SS, bí sẹ́ẹ̀lì pupa bá ti gbé ọ́síjìn inú rẹ̀ sílẹ̀, ó lè tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kó le, kó dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró, kí ẹran ara tó wà níwájú máa ké pé afẹ́fẹ́ ò dé ọ̀dọ̀ òun. Òtútù lè fà á, ibà lè fà á, òùngbẹ lè fà á. Sẹ́ẹ̀lì tèmi ń lò tó 120 ọjọ́ kó tó kú. Tiẹ̀ kì í sábà ju 10 sí 20 ọjọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí èmi ń fi oṣù mẹ́rin lò, ara rẹ̀ ní láti máa ṣe tuntun kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, lójú oorun, lójú ìdánwò, lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó sì máa ń jó níbi ìgbéyàwó. Mi ò lè bá a gbé ìrora yẹn nígbà tó wà láyé, mi ò sì lè fi eré kankan bá a gbé e báyìí. Mò ń sáré nítorí pé àwọn ọmọ mìíràn wà tó yẹ kí àwọn oògùn wọn, folic acid, ti ibà àti hydroxyurea, má tán. Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ SS tó Nàìjíríà.

Òru tó kẹ́yìn yẹn, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní… Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Ọjà Olúwo ni Màámi ti ń dúró dè wá, wọ́n ti wọkọ̀ ṣíwájú. Wọ́n ti bá àwọn ẹlẹ́ja ná ẹja débi pé gbogbo ìlà náà ti mọ̀ pé ọmọ wọn ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde lórí ẹsẹ̀. Nígbà tí mo yọ, àwọn obìnrin wọ̀nyẹn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kó ẹja àrọ̀ sínú ike, ó ní ti ọmọ tó sáré ni, òun ò gbowó. Màámi fi ìborùn nu ojú mi. Wọ́n ní, "O ṣe é." Ìkókorẹ́ tí a fi ẹja yẹn sè lálẹ́ ọjọ́ náà, odindi ilé ló jẹ ẹ́.

Mi ò ṣèlérí pé màá parí ti Èkó. Ó tún lé 12 kìlómítà sí ohun tí mo sá yẹn, láti Surulere dé Eko Atlantic, apá kan rẹ̀ sì gba orí Third Mainland, níbi tí kò sí igi kan tí yóò ṣíji boni. Mo ti gbàdúrà sí i, Kóòṣì sì ti kọ ètò January sórí ìwé, ó wà lára ògiri. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bi mí ìdí tí marathon fi jẹ́ kìlómítà 42.195: Olympics London ọdún 1908 ló ti wá, nígbà tí wọ́n gbéra ní ààfin Windsor, tí wọ́n sì parí rẹ̀ níwájú ìjókòó ìdílé ọba. Ọdún 1921 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún gbogbo ayé. Mítà 195 yẹn kì í ṣe títà. Àwọn mẹ́ta ti fẹ́ rà á, mo ní rárá. Ti Àbúrò ni.

Kìlómítà 31 sí 36 ni kò tíì ní olówó. Kóòṣì ní ibẹ̀ ni ìpamọ́ agbára inú iṣan sábà máa ń tán, torí náà ibẹ̀ gan-an ni mo ti nílò orúkọ tí n ó máa pè. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ọ̀kan, ẹ fi orúkọ ẹni yín ránṣẹ́ sí mi kí January tó parí. Mo fẹ́ dá 36 dúró fún àwọn tí kò lówó lọ́wọ́: ẹ lọ yẹ genotype yín wò, ẹ yẹ ti àwọn ọmọ yín wò kí wọ́n tó mú ọ̀rẹ́kùnrin tàbí ọ̀rẹ́bìnrin wálé, kì í ṣe ìgbà tí aṣọ ẹbí ti jáde. Ẹ yẹ ẹ́ wò níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tí èsì bá ti dé ọwọ́ yín, ẹ kọ orúkọ yín sí mi, n ó sì pè é.