Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà kékeré, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá RAM ẹ̀ (mẹ́mọ́rì tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) ṣeé yọ

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe dísáìnì àti ìwé títẹ̀, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́sẹ̀ yìí rèé, inú ṣì ń bí mi. Gbogbo wa la mọ ìdí tá a fi ń ra àwọn kọ̀ǹpútà pélébé tí kò ní síkírìnì tiẹ̀ yìí, adápítọ̀ 65W, inverter ń gbé e dáadáa, kì í mu bátìrì bíi kọ̀ǹpútà tówà ńlá.

Alẹ́ Thursday ni, ní Ṣómólú, ìwé ètò ìsìnkú bàbá kan ni mò ń ṣe, ọjọ́ kejì ni àìsùn, ọmọ olóòkú jókòó tì mí. Bí mo ṣe ń gbé fọ́tò bàbá sójú ìwé báyìí, síkírìnì ṣú. Mo pa á, mo tàn án, iná ń ṣẹ́jú, fáànù ń yí, kò gbé nǹkan kan jáde. Mo tún pa á, mo tún tàn án. Obìnrin yẹn ò pariwo o, ó kàn ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, fóònù tí fọ́tò yẹn wà ti sọnù, ọ̀dọ̀ yín nìkan ló kù sí." Ara mi tutù. Mi ò lè sùn.

Ilẹ̀ mọ́, mo gba Computer Village lọ, ní Ọ̀tígbà. Ẹnjiníà tú u, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, RAM ló kú, wọ́n sì ti fi òjé sọ́dà ẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣeé yọ, bọ́ọ̀dù lódindi lẹ máa pààrọ̀." Owó tó pè fẹ́rẹ̀ẹ́ ra òmíì! Nítorí RAM tí à bá fà yọ ká ki òmíì bọ̀ ọ́!

SSD, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú fáìlì sí, ló gbà mí, òun ṣeé yọ. A tú síkúrúù kan, a fi sínú ẹ̀rọ míì, fọ́tò bàbá wà níbẹ̀, ìwé jáde kí àìsùn tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti ra kọ̀ǹpútà kékeré Dell OptiPlex Micro tòkunbọ̀, ojú tí wọ́n ń ki RAM bọ̀ méjì ló ní.

Ẹ̀kọ́ kìíní: RAM tó ṣeé yọ. Ìkejì: kí olùtajà tú u lójú yín, kí ẹ fojú rí ojú RAM. Ẹ má ní kí n lọ ra láptọ́ọ̀pù o, mo ní síkírìnì ńlá tí mo fi ń wo àwọ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ń lọ ló ń bà mí lẹ́rù. Intel tó ń ṣe ṣíìpù gbé Compute Card jáde ní 2017, kọ̀ǹpútà odindi tó ṣeé fà yọ bíi káàdì ATM, ní 2019 wọ́n pa á tì. Ní 2023 wọ́n fi NUC, kọ̀ǹpútà kékeré tiwọn, sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ASUS. Ilé-iṣẹ́ Framework tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù tó ṣeé tú, dẹ́sítọ́ọ̀pù tí wọ́n kéde ní 2025, RAM ẹ̀ tó lè tó 128GB, wọ́n sọ́dà ẹ̀ ni. Wọ́n ní ṣíìpù AMD tó wà nínú ẹ̀ ò lè sáré tó bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ RAM tó ń yọ. Ó yé mi, àwọn tó ń fi ṣe AI nìyẹn, àwa tá à ń tẹ ìwé ò nílò irú eré bẹ́ẹ̀.

LPCAMM2 ni mo ń retí, RAM pẹlẹbẹ tí síkúrúù ń dè mọ́ bọ́ọ̀dù, ó yára, ó sì ṣeé pààrọ̀, Lenovo ti fi sínú láptọ́ọ̀pù ThinkPad P1 Gen 7 ní 2024. Ẹni tó bá ti rí kọ̀ǹpútà kékeré tó ní in ní Ìkẹjà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ iye tí wọ́n ń tà á.