Ọdún Tí A Ru Ọkọ̀

Ọjọ́ mélòó kan ló kù kí ọdún yìí parí, mo sì ti jókòó ti ìwé kékeré mi bí mo ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Gbèsè mọ́tò ṣì wà lọ́rùn mi. Níbi iṣẹ́, wọn ò lé mi, wọn ò sì fi kọ́bọ̀ kún owó mi. Ara ìyá mi le ní Abẹ́òkúta, mo dúpẹ́. Èyí tí mo fẹ́ kọ gan-an ni ti ìparí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí mo kó èèyàn márùn-ún lọ tukọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún ní Boundary Waters, ní àríwá Minnesota tí mò ń gbé yìí.

Adágún tó lé ní 1,000 ló wà níbẹ̀, igbó yí wọn ká títí dé ẹnubodè Kánádà. Àjẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín, torí wọn ò gba ẹ́ńjìnnì láyè lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Bí adágún kan bá tán, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó ru ẹrù, ẹ ó sì ru ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ dé èkejì. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún bùọ̀dá wa ará Ìlàjẹ, tí wọ́n bí sẹ́bàá omi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló ń ru ọkọ̀? Ṣebí ọkọ̀ ló ń ru èèyàn."

Àwọn mẹ́rin yòókù ò di àjẹ̀ mú rí láyé wọn.

Mo ti ń múra látìgbà òtútù. Títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹsàn-án, iye ẹgbẹ́ tó lè gba ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wọlé lójúmọ́ níye, ẹgbẹ́ kan ò sì gbọdọ̀ ju èèyàn mẹ́sàn-án àti ọkọ̀ mẹ́rin lọ. Mo gba ìwé àṣẹ ti ẹnu ọ̀nà adágún Lake One. Mo fa ìlà sórí máàpù: Lake Two, Three, Four, Hudson, títí dé Insula, ká tó yí padà. Agbára tèmi ni mo fi ṣírò gbogbo ẹ̀.

Ohun tí mo gbàgbé sọ fún wọn ni pé agolo àti ìgò oúnjẹ ò gbọdọ̀ wọbẹ̀. Ọmọ àǹtí mi ti ra sàdíìnì agolo méjìlá. Ìdí mọ́tò la dúró sí láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí à ń fi búrẹ́dì jẹ sàdíìnì, tí òróró ń kán sára láìfù jákẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà tí wọ́n ti ń ru ọkọ̀. Ọ̀pá kan tó mítà márùn-ún. Láàárín Lake One àti Two, ẹ̀ẹ̀mejì la rù ú. Kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ wo bùọ̀dá lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ méjì péré la rí, ohùn kan sì ń ti inú lọ́hùn-ún bú mi.

Níbi tá a ti fẹ́ gúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ọmọ àǹtí mi ti dìde kí imú ọkọ̀ tó kan ilẹ̀. Omi ò ju àyà rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò lè mí, kò lè pariwo. Òtútù omi ló gba èémí lẹ́nu rẹ̀. A fà á jáde, a dáná. Àpò aṣọ gbígbẹ rẹ̀ ńkọ́? Èmi ni mo dì í, mi ò sì dì í dáadáa. Aṣọ tèmi ló wọ̀ sùn.

Ìdí iná yẹn ni méjì nínú wọn ti sọ fún mi pé àwọn ò mọ omi wẹ̀. Mi ò béèrè. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ka ìṣó àgọ́, mi ò bi èèyàn márùn-ún léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ó ṣì máa ń jí mi lóru.

Ọjọ́ kejì, a dé Lake Three, atẹ́gùn dìde láti ìwọ̀ oòrùn, ìfófó funfun bo omi. Bùọ̀dá tó ti ń rẹ́rìn-ín látàárọ̀ wo omi títí, ó ní: "Níbo là ń lọ?" Mo wo máàpù. Ojú kọ́kọ́ tì mí. Mo ká a, mo tì í sápò, a pàgọ́. Ibẹ̀ la wà di ọjọ́ tá a padà sílé.

Mo kọ ọ́ sábẹ́ èrè nínú ìwé kékeré mi. Bùọ̀dá kó wọn lọ sínú kọ̀rọ̀ omi kan tí atẹ́gùn ò dé, ó ń kọ́ wọn: "Má bá omi jà, fà á sọ́dọ̀ ara rẹ." Ohun tí fídíò mẹ́ta tí mo fi ránṣẹ́ ò lè kọ́ wọn, ó yé wọn kí oòrùn tó wọ̀. A fi ẹja gbígbẹ jẹ ẹ̀bà. Kò sí ẹ̀fọn kankan. Apá ibẹ̀ wà lára igbó tí mànàmáná tiná bọ̀ lọ́dún 2011. Igi dúdú ṣì dúró káàkiri, àwọn igi kéékèèké tó hù lábẹ́ wọn ti pọ́n bí epo.

Lọ́dún tó ń bọ̀, ojú kan la máa pàgọ́ sí látìbẹ̀rẹ̀, oṣù Kẹjọ ni gbogbo wa sì máa kọ́kọ́ ṣubú sómi, nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, nítòsí ilé. Ìparí oṣù Kìn-ín-ní ni wọ́n ń ṣí ìwé àṣẹ. Èèyàn mẹ́rin ti dá mi lóhùn. Bùọ̀dá ní òun ń bọ̀, àmọ́ òun ò ní ru ọkọ̀ mọ́.