Ọjọ́ tí Ìyá Ṣadé Aláta Di Olówó Nínú Fáìlì CSV

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà ní ọjà kan n'Ìbàdàn, ọmọ ẹgbẹ́ 42. Inú fáìlì kan ṣoṣo ni àkọsílẹ̀ owó gbogbo wọn wà: omo_egbe.csv. Ìlà kan fún ẹnì kan, kọ́mà láàárín: orúkọ, fóònù, ṣọ́ọ̀bù, owó. Ọmọkùnrin tó fi Python kọ ètò náà kò ṣe ohun tó burú. Èèyàn 42 péré, kí ni wọ́n fẹ́ fi dátábéèsì ńlá ṣe? Ibi tó ti ṣì í ni pé nọ́ńbà fóònù ló fi ń dá ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀, kò sì kìlọ̀ fún Bàbá Akọ̀wé pé kí wọ́n má fi Excel ṣí i.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Akọ̀wé, ojú wọn kì í gba àṣìkọ. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì, Excel ṣí i. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni á¹¢adÃ©.

"Ta ló ń fi owó sẹ́ǹtì sọmọ lórúkọ?"

Ṣadé ni o. UTF-8, ìyẹn ọ̀nà tó ń fi báìtì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dúró fún lẹ́tà kan, ni ètò náà fi kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kò sí BOM níwájú fáìlì, àmì tó ń sọ fún Excel pé UTF-8 ni, Excel sì gbà pé Windows-1252 ni, ọ̀nà àtijọ́ tí báìtì kan ń dúró fún lẹ́tà kan. Báìtì mẹ́ta tó para pọ̀ di Ṣ, ìyẹn E1 B9 A2, wá di lẹ́tà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bàbá pa á rẹ́, wọ́n tẹ Sade. Wọ́n tún rí i pé Bàbá Ràṣídì méjì ló wà nínú ẹgbẹ́, wọ́n fi kọ́mà àti "alapata" kún orúkọ ọ̀kan kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Wọ́n tẹ Save, wọ́n lọ sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìyá Ṣadé aláta wá gba ₦20,000.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá Akọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èló ló wà lórúkọ mi."

"₦588,500."

"Ẹ tún un kà, ẹ jọ̀ọ́."

"₦588,500, Ìyá Ṣadé."

Obìnrin tó mọ̀ pé òun ò ní ju ₦47,000 lọ kúnlẹ̀ síbẹ̀, orin ọpẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Bàbá Ràṣídì alápatà. Orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá, ọ̀bẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọ tó kọ ètò náà kíákíá.

Ọmọ dé, ó fi Notepad ṣí fáìlì, ó rí ìlà yìí:

"Baba Rasidi, alapata",2.34816E+12,03-Apr,62500

Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 234 jẹ́ dígíìtì 13. Excel kì í fi nọ́ńbà tó ju dígíìtì 11 lọ hàn tán. Ó máa ń gé e kúrú, ohun tó bá sì hàn lójú ló ń kọ sínú CSV. Gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ bíi ti Ìyá Ṣadé ti di 2.34803E+12 kan náà. Ètò náà rò pé ẹnì kan ni wọ́n, ó ro owó èèyàn 13 pọ̀, ó sì fi orúkọ ẹni tó gbẹ̀yìn sí i. Ìyá Ṣadé ló gbẹ̀yìn. Ká ní 0803 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà, òdo iwájú nìkan ni ì bá lọ, ìyẹn ṣeé tún ṣe. Èyí kò ṣeé tún ṣe.

Ṣọ́ọ̀bù 3-4 ló di 03-Apr. Kì í ṣe ọjà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀ o: lọ́dún 2020, ìgbìmọ̀ HGNC tó ń sọ jíìnì ènìyàn lórúkọ kéde pé MARCH1 ti di MARCHF1, SEPT1 ti di SEPTIN1, nítorí Excel ń sọ wọ́n di ọjọ́ inú oṣù.

Ti alápatà yàtọ̀. Excel fi àmì ọ̀rọ̀ yí kọ́mà yẹn ká bó ṣe yẹ, gẹ́gẹ́ bí RFC 4180, ìwé ìlànà CSV ti 2005, ṣe wí. Ọmọ ló fi split(',') gé ìlà níbi gbogbo tí kọ́mà bá wà, tó fi orúkọ di méjì, tí 03-Apr fi bọ́ sí àyè owó. Àṣìṣe ì bá pariwo níbẹ̀, àmọ́ except: pass, àṣẹ Python tó ń jẹ́ kí àṣìṣe kọjá láìsọ̀rọ̀, ti pa á lẹ́nu mọ́. Èmi ò tíì rí ibi tí except: pass ti ṣe ẹnikẹ́ni lóore.

Bàbá Akọ̀wé tún ti tẹ bọ́tìnì "Fi pamọ́" inú ètò náà nígbà tí ariwo pọ̀. Ìlà 42 di 11. Ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ ló gba ẹgbẹ́ náà là.

Nísinsìnyí, ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, AJ-001 títí dé AJ-042. Módù csv inú Python ló ń ka fáìlì, òun náà ló ń kọ ọ́, pẹ̀lú newline='' (bí wọn ò bá fi sí i nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ lórí Windows, ìlà òfìfo á máa wà láàárín). Owó kì í ní kọ́mà: 47000. Fáìlì tuntun ni ètò ń kọ́kọ́ kọ, os.replace á wá fi í rọ́pò ti àtijọ́, torí bí iná bá lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti fi 'w' ṣí fáìlì gan-an, òfìfo ló máa kù. Ẹ̀dà kan ń lọ sínú fódà míì lálaalẹ́. Fún Bàbá, ẹ̀dà tiwọn wà ní utf-8-sig, ìyẹn UTF-8 tó ní BOM. Data, From Text/CSV ni wọ́n ń gbà ṣí i, wọ́n á yan Text fún fóònù àti ṣọ́ọ̀bù.

Àfi ti Ìyá Ṣadé ló tún yọjú. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà kọ orúkọ rẹ̀, ẹlòmíì tún fi fóònù kọ ọ́. Lójú, Ṣadé ni méjèèjì, àmọ́ len(), tó ń ka iye àmì inú ọ̀rọ̀, ní ọ̀kan jẹ́ 4, èkejì 6: nínú èkejì, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn dá dúró lọ́tọ̀. Ìwádìí kò rí i pé ẹnì kan ni. unicodedata.normalize('NFC', oruko), tó ń pa lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan, ló yanjú rẹ̀, kí wọ́n tó fi pamọ́ àti kí wọ́n tó wá a.

Bàbá Akọ̀wé ní àwọn fẹ́ pa ọ̀kan rẹ́. Ìyá Ṣadé ní rárá o, ẹ jẹ́ kí àwa méjèèjì wà níbẹ̀: ọ̀kan á máa dá owó, èkejì á máa gbà á.